Bí A Ṣe Ń Fi Linux Sórí Mainframe: Láti Orí Láptọ́ọ̀pù Dé Orí Ẹ̀rọ Gan-an

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ní Àbújá, yálà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Garki tàbí ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Wuse, ni Linux kò ṣàjèjì sí. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, a mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú sáfà láti òkèèrè, a sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i nígbà tí ó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dárúkọ mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà ràbàtà tí àwọn báńkì ńláńlá àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé fi ń ṣírò owó àti tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ a máa rò pé ohun àtijọ́ ni, tàbí pé kò sí ọ̀nà tí ẹni tí ń gbé Kubwa tàbí Lugbe lè gbà fọwọ́ kàn án. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Láti ọdún 1999 ni Linux ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí, ẹ sì lè fi láptọ́ọ̀pù tí ó wà lórí tábìlì yín kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìtọ́sọ́nà yìí ni pé Linux orí mainframe kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀: bash kan náà ni, apt kan náà ni, systemd kan náà ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà: bí ẹ̀rọ ṣe ń jí, bí ó ṣe ń pe dísíìkì lórúkọ, bí kọ́ǹsóòlù rẹ̀ ṣe rí, àti bí ó ṣe ń to báìtì. Ẹni tí ó bá fi sùúrù kọ́ apá ìsàlẹ̀ yìí, iṣẹ́ ti bọ́ fún un. Ẹni tí ó bá fò ó, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ gidi ni ọwọ́ rẹ̀ yóò há.

Ibi tí Unix ti gba wọ inú mainframe

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni IBM kéde System/360, àtìrandíran rẹ̀ sì ni àwọn mainframe tí IBM ń tà títí di òní. Ní 1972, VM/370 jáde, ètò tí ó lè pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tí olúkúlùkù wọn yóò sì máa ṣe bíi pé òun nìkan ni òun ni gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ fojú inú wo ilé olójúlé púpọ̀ tí onílé kan ń pín yàrá rẹ̀, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí kò sì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì: bí VM ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibẹ̀ ni Unix gbà wọlé. Ní Yunifásítì Princeton, wọ́n gbé Unix sórí VM/370 ní àárín àwọn ọdún 1970. Ilé-iṣẹ́ Amdahl sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di ọjà tí wọ́n pè ní UTS ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. IBM fúnra rẹ̀ náà gbé AIX/370 jáde lẹ́yìn ìyẹn, ó sì tún fi ojú Unix sínú MVS, ètò ìṣiṣẹ́ tí a ń pè ní z/OS lónìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni IBM kó àtúnṣe tí yóò jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ lórí S/390, orúkọ mainframe IBM nígbà náà, síta fún gbogbo ayé, lásìkò tí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n pe iṣẹ́ wọn ní Bigfoot ti ń ṣe irú rẹ̀ lọ́tọ̀. SUSE tẹ̀ lé e ní ọdún 2000 pẹ̀lú Linux tí ilé-iṣẹ́ lè rà pẹ̀lú àtìlẹ́yìn. Ní ọdún yẹn kan náà ni z900 jáde, mainframe IBM àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti bíìtì 64, orúkọ tí Linux sì ń pe irú rẹ̀ ni s390x. S390 lásán, láìsí x, ni ti bíìtì 31 àtijọ́, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú kernel láti ẹ̀yà 4.1 ní 2015. Tí ẹ bá rí ìtọ́sọ́nà tí ó ń sọ̀rọ̀ s390 láìsí x, ó ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́.

Ẹ má ṣe da ohun mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni Unix System Services tí ó wà nínú z/OS: Unix ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Linux, EBCDIC, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà ti IBM tí ó yàtọ̀ sí ASCII, ni ó sì máa ń fi kọ fáìlì rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni Linux tí a gbé lé apá kan ẹ̀rọ tààrà, èyí tí wọ́n ń pè ní LPAR. Ẹ̀kẹta ni Linux tí ó ń gbé inú z/VM, àrọ́mọdọ́mọ VM/370, tàbí inú KVM, ètò irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti Linux. Ẹ̀kẹta yìí ni ó gbajúmọ̀ jù nítorí pé ẹ̀rọ kan lè gba ọ̀pọ̀ Linux lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2000, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ David Boyes fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti gbé Linux 41,400 dìde lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lábẹ́ VM.

Ohun tí ẹ nílò

Láptọ́ọ̀pù tí ó ní ìrántí 8 GB, tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, tí àyè bíi 30 GB sì ṣófo lórí dísíìkì rẹ̀, ti tó. Àlòkù tí wọ́n ń tà ní Banex ní Wuse 2 yóò ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo bí core kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó kí ẹ tó wo iye core tí ó ní, nítorí pé ìtumọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yín yóò máa ṣe: gbogbo àṣẹ tí a kọ fún mainframe ni QEMU, ètò tí yóò ṣe bíi mainframe fún wa, yóò máa yí padà sí èyí tí Intel tàbí AMD gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ retí pé yóò yára. KVM tí ń mú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà yára kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí pé kìkì ìgbà tí ẹ̀rọ tí ẹ jókòó tì bá jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ ń gbé dìde ni KVM wúlò.

Ọ̀rọ̀ iná ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Fífi ètò sórí ẹ̀rọ lọ́nà yìí lè gba wákàtí púpọ̀, bí láptọ́ọ̀pù bá sì kú láàárín rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ nǹkan sórí dísíìkì, ó ṣeé ṣe kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ rí i pé bátìrì kún, tàbí pé ínfátà wà níbẹ̀, kí ẹ tó dáwọ́ lé e. Ní ti dátà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì ni yóò wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà dátà alẹ́ tí ó dínwó ni kí ẹ fi ṣe é.

Ètò méjì ni ó lè ṣe bíi mainframe lórí láptọ́ọ̀pù. Hercules ni àgbà: Roger Bowler ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999, ó sì ń ṣe bíi ẹ̀rọ náà tinú-tẹ̀yìn, láti orí dísíìkì IBM tí wọ́n ń pè ní 3390 dé orí ẹ̀rọ tí ń ka káàdì. QEMU kò ní gbogbo ohun èlò àtijọ́ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n Linux òde òní bá a mu dáadáa, kò sì ní kí ẹ kọ fáìlì ìṣètò gígùn kí ẹ tó rí nǹkan kan. Tèmi ni pé kí ẹ fi QEMU bẹ̀rẹ̀, kí ẹ padà sọ́dọ̀ Hercules nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí VM ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń gbé e dìde

Ẹ ṣí ojú ibi ìkọ̀wé àṣẹ, kí ẹ sì kọ èyí:

    sudo apt update
    sudo apt install qemu-system-s390x qemu-utils
    mkdir ~/linuxz && cd ~/linuxz
    qemu-img create -f qcow2 linuxz.qcow2 20G

Ìlà tí ó kẹ́yìn yìí ń dá dísíìkì 20 GB sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba gbogbo àyè náà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń kó nǹkan sí i ni yóò máa wú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú kernel àti initrd (àwọn fáìlì tí kernel nílò láti fi bẹ̀rẹ̀) tí Debian ti pèsè fún mainframe wálẹ̀. Debian 12, tí wọ́n ń pè ní bookworm, ni mo lò níbí:

    U=https://deb.debian.org/debian/dists/bookworm/main/installer-s390x/current/images/generic
    wget $U/kernel.debian $U/initrd.debian

Ní báyìí, ẹ gbé ẹ̀rọ dìde:

    qemu-system-s390x -M s390-ccw-virtio -cpu max -m 2048 -smp 2 \
      -nographic -no-reboot \
      -drive file=linuxz.qcow2,format=qcow2,if=none,id=d0 \
      -device virtio-blk-ccw,drive=d0,devno=fe.0.0001,bootindex=1 \
      -netdev user,id=n0,hostfwd=tcp::2222-:22 \
      -device virtio-net-ccw,netdev=n0,devno=fe.0.0002 \
      -kernel kernel.debian -initrd initrd.debian

Ẹ má ṣe kàn dà á kọ kí ẹ sì máa lọ, torí pé ọ̀rọ̀ ccw (channel command word) tí ó ń tún ara rẹ̀ sọ nínú àṣẹ yìí ni ọkàn mainframe. Lórí láptọ́ọ̀pù, processor a máa lọ́wọ́ sí iṣẹ́ dísíìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Mainframe kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Processor rẹ̀ yóò kọ àtòjọ iṣẹ́ kúkúrú, yóò fi í lé ọwọ́ apá mìíràn tí wọ́n ń pè ní channel subsystem, yóò sì yíjú sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, apá náà yóò wá fọwọ́ tọ́ ọ. Ìyẹn ni ó fi ń gba kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa kọ nǹkan sórí dísíìkì lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé processor ń mí hẹlẹ. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí channel ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn sì ni ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí. Èyí tí a pè ní fe.0.0001 nínú àṣẹ wa, 0.0.0001 ni Linux yóò rí i. Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé lórí ẹ̀rọ gidi, òun ni ẹ óò máa kọ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ìlà hostfwd ń sọ pé ohunkóhun tí ó bá kan ojú ọ̀nà 2222 lórí láptọ́ọ̀pù yín kí ó lọ sí ojú ọ̀nà 22 nínú mainframe. Láìsí i, ẹ kò ní rí ọ̀nà fi ssh wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ óò nílò rẹ̀ láìpẹ́. Ìlà no-reboot ń jẹ́ kí QEMU jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ tún ara rẹ̀ tan. Ìdí rẹ̀ yóò yé yín ní ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Enter, ojú ẹ̀rọ lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Gwarinpa pè mí wá wo tirẹ̀ ní àkókò yìí gan-an, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti kú o.” Mo ní, “Àbúrò, kò kú, fọwọ́ lérán.” Fáànù láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń kùn gidigidi, èyí tí ó jẹ́ àmì pé QEMU ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì pẹ́ tí ìlà ọ̀rọ̀ kernel fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀yin náà ẹ wo fáànù tàbí ẹ fi àṣẹ top wò ó láti ojú mìíràn kí ẹ tó pinnu pé ó ti há. Bí ẹ bá fẹ́ pa QEMU ní tipátipá, ẹ tẹ Ctrl àti A, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ x.

Debian yóò bi yín nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ó tó bi yín ní ohunkóhun. Bí ó bá béèrè irú rẹ̀, virtio ni kí ẹ yàn. Qeth tí ẹ óò rí nínú àtòjọ náà, ti ẹ̀rọ gidi ni. Bí ó bá ní kí ẹ fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì, QEMU ti ní àwọn tí ó máa ń lò: 10.0.2.15/24 fún ẹ̀rọ yín, 10.0.2.2 fún ẹnu ọ̀nà, 10.0.2.3 fún ẹni tí ń dáhùn orúkọ. Lẹ́yìn èyí, ó lè ní kí ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi ssh wọlé wá parí iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ installer. Kì í ṣe àṣìṣe. Àṣà mainframe ni: kọ́ǹsóòlù rẹ̀ kò dára fún àwòrán tàbí fún àpótí aláwọ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tí ó ń fi Linux sórí rẹ̀ ni ó ń kọjá láti kọ́ǹsóòlù bọ́ sí ssh. Ẹ ṣí ojú mìíràn, kí ẹ sì kọ:

    ssh -p 2222 installer@localhost

Láti ibí lọ, Debian tí ẹ mọ̀ ni. Bí ó bá ń wá DASD, ìyẹn dísíìkì orí mainframe gidi, tí kò rí i, ẹ jẹ́ kí ó kọjá, torí pé dísíìkì virtio ni a fún un, /dev/vda ni yóò sì pè é. Nígbà tí ó bá di yíyan àwọn ètò tí ẹ fẹ́, ẹ mú SSH server àti àwọn ohun èlò ìpìlẹ̀ nìkan. Ayé ojú àwòrán kò wúlò níbí, dátà yín ni yóò sì jẹ. Ní ìparí, kì í ṣe GRUB ni yóò fi sí i, zipl ni, ètò tí ń múra ọ̀nà sílẹ̀ kí Linux lè jí lórí mainframe.

Nígbà tí ó bá fẹ́ tún ara rẹ̀ tan, QEMU yóò jáde. Bí kò bá jáde ni, kernel tí ó ń fi ètò sórí ẹ̀rọ ni yóò tún gbé dìde, ẹ óò sì rò pé gbogbo iṣẹ́ yín ti ṣòfò. Ẹ tún kọ àṣẹ náà láìsí ìlà -kernel àti -initrd, láìsí -no-reboot pẹ̀lú, Linux tí ó wà lórí dísíìkì yóò sì jí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tún fi ssh wọlé, ó lè pariwo pé ẹni tí ó wà lódìkejì ti yí padà, torí pé kọ́kọ́rọ́ ẹni tí ń fi ètò sórí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti ètò tí ó ti wà níbẹ̀. Ẹ pa èyí tí ó rántí rẹ́:

    ssh-keygen -R '[localhost]:2222'

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ pa ẹ̀rọ náà pẹ̀lú sudo poweroff, kí ẹ sì ya ẹ̀dà ipò rẹ̀ pamọ́. Ní ìlú tí iná lè lọ nígbàkígbà, ìlà kan ṣoṣo yìí lè gba iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ là:

    qemu-img snapshot -c tuntun linuxz.qcow2

Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ fi -a rọ́pò -c, yóò sì padà sí bí ó ti wà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní pípa nígbà méjèèjì.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ wò lẹ́yìn tí ó bá jí

Àṣẹ uname -m yóò dáhùn pé s390x. Lscpu yóò sọ pé Big Endian ni, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé òun ni ó máa ń dá iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ètò rú jù lọ. Ẹ kọ èyí lórí láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ tún kọ ọ́ nínú mainframe:

    printf '\001\000' | od -An -tu2

Lórí láptọ́ọ̀pù, 1 ni yóò jáde. Lórí s390x, 256 ni. Báìtì méjì kan náà ni a kọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ka èyí tí ó kéré ṣáájú, ìkejì ka èyí tí ó tóbi ṣáájú. Tí ẹ bá ní ètò tí ó kọ nọ́ńbà sínú fáìlì ní Àbújá lórí Intel, tí ẹ sì ka fáìlì náà lórí mainframe láìsọ bí a ṣe tò ó, owó 1 náírà lè di 256 láìsí pé ẹnikẹ́ni rí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ máa sọ ìtò báìtì ní gbangba nígbà gbogbo: nínú C, ẹ lo htonl àti ntohl, nínú Python, ẹ kọ '>I' tàbí '<I' sínú struct, ẹ má ṣe kọ 'I' lásán. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan jẹ́ ti ẹni tí ó mọ iṣẹ́, mo máa ń gbé e sórí s390x kí n wo bóyá ìdánwò rẹ̀ yóò yege.

Èkejì ni zipl. GRUB máa ń ka fáìlì ìṣètò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí. Zipl kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń kọ ibi tí kernel wà lórí dísíìkì sílẹ̀ ṣáájú, èyí tí ó kọ sílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí ẹ bá yí /etc/zipl.conf padà tí ẹ kò sì pe sudo zipl -V lẹ́yìn rẹ̀, àtúnṣe yín kò dé ibi kankan. Bí ẹ bá fọwọ́ gbé kernel láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Apt máa ń pe zipl fúnra rẹ̀ bí ó bá fi kernel tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe, ẹ̀yin ni ẹ óò pe zipl sí i.

Bí ẹ bá dé ìdí z/VM

Kò sí bí QEMU ṣe lè fi èyí hàn yín. Z/VM jẹ́ ọjà tí a ń rà, ṣùgbọ́n VM/370 àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ènìyàn sì kó o jọ pọ̀ sí ohun tí wọ́n pè ní VM/370 Community Edition, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Hercules. Púpọ̀ nínú àṣẹ CP (apá VM tí ń pín ẹ̀rọ) tí ẹ bá kọ́ níbẹ̀ ni ẹ óò tún bá pàdé lórí z/VM.

Lábẹ́ z/VM, alábòójútó yóò kọ orúkọ Linux yín sínú ìwé ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ kan, yóò fún un ní ìrántí, dísíìkì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ óò fi FTP kó fáìlì Debian mẹ́rin sọ́dọ̀ rẹ̀: kernel, initrd, parmfile (tí ó ní ìtọ́ni fún kernel) àti debian.exec (àkọsílẹ̀ àṣẹ tí yóò jí wọn). Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Kernel àti initrd gbọ́dọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí báìtì lásán, ní ìlà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 80 géérégé, nítorí pé káàdì ni z/VM ṣì ka wọ́n sí, òpó 80 ni ó sì wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan. Parmfile àti debian.exec ní tiwọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí a lè yí wọn padà láti ASCII sí EBCDIC:

    binary
    quote site fix 80
    put kernel.debian
    put initrd.debian
    ascii
    put parmfile.debian
    put debian.exec

Tí ẹ bá pe DEBIAN lórí CMS, ojú ibi ìkọ̀wé àṣẹ tí oníṣẹ́ ń lò lórí z/VM, yóò kó kernel, parmfile àti initrd sínú ẹ̀rọ tí ń ka káàdì, ní títẹ̀ léra bẹ́ẹ̀, yóò sì fi àṣẹ IPL 00C CLEAR jí wọn. IPL ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará mainframe ń lò fún jíjí ẹ̀rọ, ẹ kò ní gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Kọ́ǹsóòlù tí ẹ óò bá níbẹ̀ jẹ́ ti ìlà kọ̀ọ̀kan. Vi kò ní ṣí lórí rẹ̀, nano kò ní ṣí. Ctrl àti C kò ní dé ọ̀dọ̀ Linux pẹ̀lú. Àmì ^ ni ẹ óò kọ, kí ẹ fi c tẹ̀ lé e, kí ẹ wá tẹ Enter. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bàjẹ́ tí ẹ kò sì lè fi ssh wọlé, sed tàbí ed ni ẹ óò fi tún fáìlì ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ́ ed nísinsìnyí tí ara yín balẹ̀. Wákàtí kan tó fún un.

Ohun tí ó léwu jù lọ ni ọ̀nà tí ẹ ń gbà kúrò lórí kọ́ǹsóòlù. Bí ẹ bá kọ LOGOFF, z/VM yóò gbà pé oníṣẹ́ náà ti lọ, yóò sì pa Linux pẹ̀lú gbogbo ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bí ẹni fa wáyà yọ. Èyí tí ó tọ́ ni:

    #CP DISC

Ó yẹ kí SET RUN ON náà wà nínú PROFILE EXEC oníṣẹ́ náà, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí CMS máa ń kọ́kọ́ ṣe. Láìsí i, bí ẹ bá padà wọlé, CP lè dá Linux dúró láti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, àwọn oníbàárà yóò sì máa dúró títí ẹ óò fi sọ pé kó máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pa Linux dáadáa láti òde, SIGNAL SHUTDOWN ni àṣẹ rẹ̀.

Dísíìkì ibẹ̀, DASD ni orúkọ rẹ̀, a kì í sì í kàn gé e sí apá bíi ti láptọ́ọ̀pù. A ó kọ́kọ́ tan án, a ó tẹ́ ojú rẹ̀, a ó gé e, lẹ́yìn náà ni a ó tó fi ètò fáìlì sí i:

    chzdev -e dasd 0.0.0201
    lsdasd
    dasdfmt -b 4096 -y -p /dev/dasdb
    fdasd -a /dev/dasdb
    mkfs.ext4 /dev/dasdb1

Ẹ wo èsì lsdasd dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan dasdfmt, kí ẹ sì rí i dájú pé nọ́ńbà 0201 ni ó bá dasdb mu lóòótọ́, nítorí pé -y kò ní bi yín léèrè kí ó tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Apá mẹ́ta péré ni fdasd lè gé sórí DASD kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì qeth ní tirẹ̀ máa ń gba nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún kíkọ, ọ̀kan fún dátà. Àṣẹ chzdev -e qeth 0.0.0600 yóò mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìmọ̀ràn kan tí ó ta ko ohun tí a ti mọ̀ lórí sáfà lásán: ẹ má ṣe béèrè ìrántí púpọ̀ fún Linux yín. Ohun gbogbo tí ẹ bá fún un ni yóò fi pa dátà dísíìkì mọ́, bẹ́ẹ̀ z/VM fẹ́ pín ìrántí náà fún àwọn mìíràn. Ẹ fún un ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kí ẹ sì fi swap sórí VDISK, ìyẹn dísíìkì tí z/VM dá sílẹ̀ nínú ìrántí, tí kì í gba àyè kankan títí Linux yóò fi lò ó.

Ibi tí ẹ ti lè rí ẹ̀rọ gidi láti Àbújá

Nígbà tí ẹ bá ti mọ èyí tí ó wà lórí láptọ́ọ̀pù, IBM ní ibì kan tí ó ń pè ní LinuxONE Community Cloud, tí ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ sí láti rí Linux kan lórí s390x gidi lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò tí ó ní òpin. IBM Z Xplore, ní tirẹ̀, ni ẹ óò ti fọwọ́ kan z/OS àti Unix tí ó wà nínú rẹ̀. Ssh kò jẹ dátà púpọ̀, nítorí náà fóònù tí ẹ fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbé e, ṣùgbọ́n ẹ fi tmux sínú ẹ̀rọ náà ní kété tí ẹ bá wọlé, kí iṣẹ́ yín má bàa dúró nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ssh tí wọ́n bá fún yín mọ́ síbi méjì. Ẹ kọ ọjọ́ tí àyè yín yóò parí sílẹ̀, kí ẹ sì kó iṣẹ́ yín padà sórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú rsync kí ọjọ́ náà tó pé. Ètò tí ẹ bá fi compiler kọ́ lórí ẹ̀rọ wọn lè ṣiṣẹ́ nínú QEMU yín bí ẹ kò bá ní kí compiler lo àṣẹ tí processor tuntun nìkan mọ̀, nítorí náà ẹ yẹra fún -march=native nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ.